Ìyára Omi Níwájú Ṣọ́ọ̀ṣì

Ogójì sẹ̀ǹtímítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èmi ni mo fún ọmọ mi ní nọ́ńbà yẹn. Mo fún un láìmikàn, bí ìgbà tí mo bá ń ka àkọlé ìròyìn sétí olótùú lórí fóònù. Ọmọ mi fi bọ́ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà gbà á, ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa gbà á, ìyá àgbà kan sì gbé bẹ́ẹ̀dì wọn sọ̀kalẹ̀ nítorí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì yẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Òkòkómáíkò là ń gbé. Ilé wa wà lókè àdúgbò, níbi tí ilẹ̀ ti ga díẹ̀, tí òjò kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dà wá láàmú. Gọ́tà kan ṣoṣo ló gba iwájú gbogbo wa kọjá. Á sọ̀kalẹ̀ lẹ́bàá ṣẹ́ẹ̀dì fọgánáísà tó ń lẹ táyà láàárín àdúgbò, á dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó wà nísàlẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa wọ inú àbàtà. Tí òjò bá rọ̀ dáadáa, ẹni tí omi máa ń kọ́kọ́ wọlé tọ̀ ni Ìyá Àdúrà. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n.

Ìyá Àdúrà ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti wá, yàrá kan ṣoṣo lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sì ń gbé. Búlọ́ọ̀kù mẹ́ta mẹ́ta ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wọn kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá fẹ́ sùn, wọ́n á kọ́kọ́ gun àpótí. Wọ́n sọ fún mi nígbà kan pé, "Àwọn ẹlòmíì ń gun orí òkè lọ gbàdúrà. Èmi, orí bẹ́ẹ̀dì mi ni òkè mi."

Lọ́dún yìí, ẹgbẹ́ onílé pinnu pé àwọn máa ri ríìngì mọ́lẹ̀ láti iwájú ṣọ́ọ̀ṣì dé ẹnu àbàtà. Kọnkéré róbótó tó ṣófo nínú ni ríìngì. Wọ́n máa ń tò ó tẹ̀lé ara wọn sínú ilẹ̀ kí omi lè gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n á sì da iyẹ̀pẹ̀ bò ó kí ọkọ̀ lè gba orí rẹ̀. Ó kù kí wọ́n mọ bí ẹnu rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó. Kékeré wà, ńlá wà.

Alága wa, tó ń ta ẹ̀yà ara fíríìjì ní Alábà, yíjú sí mi nípàdé.

"Akọ̀ròyìn, ṣebí ọmọ yín ń kọ́ ẹnjiníà ní yunifásítì níbí ní Ọ̀jọ́? Ẹ ní kó bá wa ṣírò rẹ̀. Àbí ìgbà tó bá dé Amẹ́ríkà ló tó máa wúlò?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mo ní màá bá a sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí i fún ọmọ mi. Ọdún tó kẹ́yìn ló wà, iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ sì dá lórí bí omi ṣe ń gba inú ọ̀nà tí a bò kọjá. Ètò tó fi ń ṣe é wà lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, tókunbọ̀ tí a rà ní Alábà, tí fáànù rẹ̀ ń ké bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata. Tó bá ti ya ọ̀nà omi tán, tó sì sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ìpẹ̀kun méjèèjì, kọ̀ǹpútà á ṣírò gbogbo ohun tó wà láàárín.

Mo jókòó tì í, mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo ní kó ṣàlàyé fún mi bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

"Dádì, ẹnu méjì ló wà. Ẹnu àbáwọlé rèé, ẹnu àbájáde nìyí. Lẹ́nu àbáwọlé, ìyára ni màá kọ síbẹ̀: bí omi ṣe ń sáré tó nígbà tó ń wọlé. Lẹ́nu àbájáde, màá sọ ohun tí omi máa bá pàdé níbẹ̀. Mo máa fi í sílẹ̀ gbayawu, bí ìgbà tí kò sí ohun tó dí i lọ́wọ́."

"Ṣé kọ̀ǹpútà ò lè mọ ìyára náà fúnra rẹ̀?"

"Kọ̀ǹpútà ò mọ òjò, Dádì. Kò mọ Òkòkómáíkò. Ohun tí mo bá sọ fún un ló máa gbà gbọ́."

"Tí o bá wá purọ́ fún un ńkọ́?"

"Á fi irọ́ yẹn ṣírò dáadáa, á sì fún wa ní àwòrán tó rẹwà."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé ó dùn létí.

Òjò ò rọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Gọ́tà gbẹ, rọ́bà àti ewé ló kún inú rẹ̀. Ọmọ mi sì fẹ́ nọ́ńbà. Ó wò mí. "Ẹ̀yin kọ́ ni akọ̀ròyìn? Ẹ lọ fọ̀rọ̀ wá àwọn tó rí i lẹ́nu wò."

Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Ilé wó, ọkọ̀ dànù, ọjà jóná, mo ti bá àwọn tó ṣojú wọn sọ̀rọ̀. Mo rò pé ti omi gọ́tà ò lè le jù bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Ìyá Àdúrà ni mo kọ́kọ́ lọ. Ẹ mọ̀ pé àwọn aláṣọ funfun kì í wọ bàtà tí wọ́n bá ti wọ sùtánà. Ẹnu géètì ni wọ́n máa ń bọ́ ọ sí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

"Ọjọ́ Àìkú ni," ni Ìyá Àdúrà wí. "Sílípáàsì mi wà lẹ́nu géètì. Mo yọjú, mo rí i pé omi ti gbé ẹsẹ̀ kan. Mo pariwo 'Mímọ́' lẹ́ẹ̀mẹta, bí a ṣe máa ń ké e. Kí n tó parí ẹlẹ́ẹ̀kẹta, sílípáàsì ti dé ìdí ọ̀pẹ yẹn. Mi ò rí i mọ́ títí dòní."

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ké."

"Níbí?"

"Níbí gan-an, bí ẹ ṣe ké e lọ́jọ́ yẹn."

Mo gbé fóònù jáde, mo tẹ aago rẹ̀. Ìyá dúró gírí, wọ́n mí sínú, wọ́n ké e. Mímọ́! Wọ́n dúró díẹ̀. Mímọ́! Wọ́n tún dúró. Nígbà tí wọ́n fi máa ké ẹlẹ́ẹ̀kẹta, obìnrin méjì ti sáré jáde látinú ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń béèrè bóyá ìran ló dé.

"Ẹ padà sínú ilé," ni Ìyá Àdúrà dá wọn lóhùn. "Akọ̀ròyìn ló ń wọn ohùn mi."

Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́jọ. Mo yá tépù lọ́wọ́ télọ̀ kan ládùúgbò, mo wọn ilẹ̀ láti ẹnu géètì dé ìdí ọ̀pẹ. Mítà méjìlá. Mítà kan ààbọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nìyẹn. Bí mo ṣe ń ká tépù, Ìyá fọwọ́ kan ìwé mi.

"Kọ eléyìí náà sílẹ̀, ọmọ mi. Omi yẹn kì í lọ tán. Á lọ, á tún padà wá bá mi."

Mo kọ ọ́. Mo dúpẹ́. Mo lọ.

Fọgánáísà ni mo tún bá, Ìjẹ̀bú ni, ọmọkùnrin tó máa tó ẹni ọdún márùndínlógójì, tó máa ń ṣe ẹ̀fẹ̀ pẹ̀lú ojú líle. Mo sọ ohun tí mo ń wá fún un.

"Ọ̀gá, tèmi ò ní Mímọ́ nínú. Mo kà á ni. Tùbù kan bọ́ sínú gọ́tà níbí. Mo ń wò ó, mo ń kà: ení, èjì, ẹ̀ta. Kó tó dé ìdí òpó iná yẹn, mo ka ọgbọ̀n. Mi ò tiẹ̀ sáré. Mo kàn rìn lọ mú un ni."

"Kí ló dé tí o fi ń kà á?"

"Ọ̀gá, kò sí oníbàárà."

Mo ní kó tún un kà lójú aago. Kíkà rẹ̀ lọ déédéé bí aago ara ògiri. Mo wọn ilẹ̀: mítà méjìlá, kò yàtọ̀ sí ti ṣọ́ọ̀ṣì. Mítà méjìlá ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá. Ogójì sẹ̀ǹtímítà.

Ọmọ mi wo nọ́ńbà méjèèjì. "Dádì, ọ̀kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́rin èkejì. Èwo ni kí n lò?"

"Ti fọgánáísà."

"Ó dá yín lójú?"

"Ó kà á."

Lọ́fíìsì wa, mo máa ń sọ fún àwọn akọ̀ròyìn tuntun pé kí wọ́n ṣọ́ra fún ẹlẹ́rìí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn, kí wọ́n wá ẹni tó mọ ohun tó rí. Mo gbà pé ti Ìyá Àdúrà dùn, pé fọgánáísà ló mọ ohun tó rí. Mo fa ìlà gbọọrọ sórí ọ̀rọ̀ tí Ìyá ní kí n kọ, èyí tó ní omi ń padà. Mo kà á sí ọ̀rọ̀ àgbàlagbà.

Ọmọ mi ní ohun tó bá léfòó máa ń yára ju omi tó wà nísàlẹ̀ lọ, nítorí náà òun máa yọ díẹ̀ kúrò. Ó yọ ọ́, ó tẹ ìyókù sí ẹnu àbáwọlé, ó ní kí omi wọlé tààrà, ó tẹ bọ́tìnì. Fáànù bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Lẹ́yìn bíi wákàtí mẹ́ta, àwòrán jáde: omi aláwọ̀ búlúù tó ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò tiẹ̀ kún ìdajì ríìngì kékeré. Èyí tó kéré tó.

Alága gbé àwòrán náà sókè nípàdé. "Ẹ wò ó, ẹ̀yin èèyàn mi, kọ̀ǹpútà ti sọ̀rọ̀." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọmọ mi. Ọjọ́ kẹta, ríìngì kékeré ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, wọ́n tò ó gbọọrọ. Wọ́n fi Sátidé tó tẹ̀ lé e ṣe ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ máa wá rì í.

Lẹ́yìn ìpàdé yẹn, Ìyá Àdúrà dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ mi, ṣé kò ní wọlé mọ́ lóòótọ́?"

"Kò ní wọlé mọ́, Ìyá."

"Ó dáa. Orúnkún ń dùn mí láti máa gun àpótí."

Mo rò pé wọ́n kàn ń sọ̀rọ̀ ni.

Ní ọ̀sán Wẹ́sidé ọ̀sẹ̀ tí wọ́n máa rì í, ọmọ mi tún ètò náà ṣe kó lè mú àwòrán tó mọ́ sínú ìwé àṣekágbá rẹ̀. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń jẹ ẹ̀pà. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ kan ń jáde ṣáá nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà. Bó bá ti lọ, òmíràn á tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn.

"Kí nìyẹn?"

"Ìkìlọ̀ ni. Ó ní omi ń padà wọlé láti ẹnu àbájáde. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní gbogbo èèyàn ló ń rí i, kí n má dá a lóhùn."

Ẹ̀pà dúró lọ́wọ́ mi. "Ó ní kí ni?"

"Omi ń padà. Ṣùgbọ́n Dádì, kì í ṣe omi gidi o. Ó kàn túmọ̀ sí pé mo gbé ẹnu àbájáde sún mọ́ ibi tí omi ṣì ń yí. Màá fà á gùn síwájú díẹ̀, ó máa lọ."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa, mo sì gbà á gbọ́. Síbẹ̀ mo dìde, mo lọ mú ìwé àkọsílẹ̀ mi. Ìlà tí mo fà ò nípọn, mo ṣì lè kà á lábẹ́ rẹ̀. Á lọ, á tún padà wá bá mi. Ìkìlọ̀ kọ̀ǹpútà lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Àmọ́ èèyàn ló sọ eléyìí, ẹni náà sì ti rí i. Mo wo ojú ìwé yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Orúkọ ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, ibi tó dúró sí wà níbẹ̀, ohun tó rí wà níbẹ̀. Mo wá ìgbà tó rí i, mi ò rí i. Mi ò bi ẹnì kankan nínú wọn.

Mo wọ bàtà.

Fọgánáísà ń lẹ táyà ọ̀kadà.

"Tùbù ọjọ́sí yẹn, ìgbà wo lo rí i?"

"Lẹ́yìn òjò ni, ọ̀gá. Omi ti dé ìdí kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ mi. Mo ti gbé e sórí tábìlì. Ìdí tí mo fi jókòó tí mo ń kà nìyẹn, kò sí iṣẹ́ tí mo lè ṣe."

"Ṣé omi ń lọ nígbà yẹn?"

"Kó lọ síbo? Àbàtà ti kún dẹ́nu. Ó kàn ń fà díẹ̀díẹ̀ ni."

"O ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Ó gbójú sókè wò mí, kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀. "Ẹ ò bi mí, ọ̀gá."

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Àdúrà ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá wọn. Mo bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà. "Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni," ni wọ́n wí. "A ò tíì parí orin tó ṣáájú ìwàásù. Nígbà tí a fi máa ṣe àdúrà ìparí, omi ti ń padà bọ̀."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ wá yé mi. Ìyá rí omi nígbà tó ń sáré. Fọgánáísà rí i nígbà tí kò ríbi lọ mọ́. Omi tó rọra ń lọ nítorí pé iwájú rẹ̀ ti dí ni mo pè ní omi kékeré.

Mo fẹ́ sọ nǹkan, ojú mi bá wọ inú yàrá. Bẹ́ẹ̀dì wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí sìmẹ́ńtì. Wọ́n ti kó àwọn búlọ́ọ̀kù jáde, wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Bíbélì Ìyá, aṣọ sùtánà wọn àti àpò ìrẹsì kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí omi ti máa kọ́kọ́ dé.

"Ìyá, ta ló gbé e sọ̀kalẹ̀?"

"Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ. Ṣebí ìwọ lo ní kò ní wọlé mọ́?"

Mi ò mọ bí mo ṣe délé.

Ní Tọ́sidé, ọmọ mi ò lọ sí iléèwé. Ó fi mítà kan ààbọ̀ sípò ogójì sẹ̀ǹtímítà, ó yọ díẹ̀ kúrò bíi ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́nu àbájáde, kò fi í sílẹ̀ gbayawu mọ́, ó sọ fún kọ̀ǹpútà pé àbàtà ti kún níbẹ̀. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà méjèèjì ni mo sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀. Ọmọ mi ò bá mi wí. Ó sàn kó bá mi wí.

Lẹ́yìn aago méjì, àwòrán jáde. Mi ò nílò àlàyé. Ríìngì kékeré ti kún dé òrùlé rẹ̀, omi tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò ríbi wọ̀, ó dúró lẹ́nu àbáwọlé, ó ń ga.

"Ibo ló máa ga dé?"

Ó fi ìka sí i. "Ó ju àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì lọ, Dádì. Gọ́tà tó ṣí sílẹ̀ báyìí tiẹ̀ sàn ju eléyìí lọ. Tí a bá bò ó, gbogbo rẹ̀ á dà sínú ọgbà."

Mo gba Alábà lọ lọ́sàn-án yẹn. Alága wà láàárín kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ fíríìjì, ó ń bá oníbàárà kan dúnàádúrà. Ó rí ojú mi, ó ní kí oníbàárà náà dúró.

"Akọ̀ròyìn, kí ló dé?"

Mo tẹ́ àwòrán tuntun síwájú rẹ̀, mo sọ fún un.

"Ẹ gbọ́. Ìròyìn tí ẹ gbé sójú ìwé àkọ́kọ́, ṣé àtúnṣe lẹ fẹ́ ṣe báyìí? Kọ̀ǹpútà kan náà ni, àbí òmíràn?"

"Kọ̀ǹpútà kan náà ni."

"Ó wá yí ohùn padà?"

"Rárá, Alága. Èmi ni mo purọ́ fún un. Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni."

Ó dá àwòrán náà padà fún mi. "Ọmọ yín mọ iṣẹ́ rẹ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n mo ti fi àwòrán kan han àwọn onílé. Tí mo bá tún fi òmíràn hàn wọ́n, wọ́n á ní ìwé ọmọdé ni mo ń kà fún wọn. Sátidé làwọn òṣìṣẹ́ ń bọ̀. Ẹ fi omi hàn mí. Mi ò fẹ́ rí àwòrán mọ́."

"Òjò ò tíì rọ̀."

"Èmi kọ́ ni mò ń rọ òjò."

Ní Fúráìdé, ojú ọ̀run ṣú láti àárọ̀, kò sì rọ̀. Mo kúrò lọ́fíìsì ní kùtù ọ̀sán, èmi àti ọmọ mi sì lọ sílé Ìyá Àdúrà. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́, mo bá sọ ọ́ bó ṣe rí.

"Ìyá, mo ṣì yín lọ́nà. Ó ṣì máa wọlé. Mi ò bi yín ní ìbéèrè tó yẹ kí n bi yín, mo sì pa ọ̀rọ̀ yín rẹ́ nínú ìwé mi."

"Èyí tí mo ní kó o kọ yẹn?"

"Òun ni."

"Mo rí i tí ò ń kọ ọ́."

"Mo kọ ọ́. Ilé ni mo ti pa á rẹ́."

Wọ́n mi orí, wọn ò bínú, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. "Ó dáa. Má dúró síbẹ̀ bí àlejò. Lọ kó búlọ́ọ̀kù wá."

A kó o. Èmi ń gbé bẹ́ẹ̀dì sókè ní igun kan, ọmọ mi ń ti búlọ́ọ̀kù sábẹ́ rẹ̀. Ìyá fẹ́ mẹ́ta mẹ́ta bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo ní kó di mẹ́rin mẹ́rin. Wọ́n ní, "Ṣé àkàbà lo fẹ́ kí n máa gùn ni?" A fi í sí mẹ́ta. A gbé ìrẹsì, Bíbélì àti sùtánà sórí rẹ̀.

Sátidé, aago mẹ́jọ àárọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ti dé pẹ̀lú ṣọ́bìrì. Wọn ò tíì gbẹ́ ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ tí òjò fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn sá sábẹ́ fàráńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo pe Alága. Ó dé pẹ̀lú agboòrùn, ojú rẹ̀ ò dùn.

Omi ti ń sáré nínú gọ́tà. Ọmọ mi gbé fóònù jáde, ó bọ́ sílípáàsì rẹ̀ kan. Alága na ọwọ́ dá a dúró.

"Rárá. Tèmi ni kó lọ. Kẹ́nikẹ́ni má sọ pé ọmọ akọ̀ròyìn ló tì í."

Ó bọ́ sílípáàsì ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó rọra gbé e lé omi lẹ́nu géètì. Kò tíì nàró tán tó ti lọ.

"Mẹ́jọ," ni ọmọ mi wí, nígbà tó kọjá ìdí ọ̀pẹ.

"Tún un ṣe."

Ó bọ́ ti òsì, ó gbé e lé e. Mẹ́jọ ó dín díẹ̀. Sílípáàsì méjèèjì wọ inú àbàtà lọ, Alága sì dúró láìwọ bàtà níwájú gbogbo wa. Ìyá Àdúrà, tí wọ́n ń wò láti ẹnu ọ̀nà, tẹríba fún un.

"Alága, ẹ káàbọ̀ sínú ìjọ wa. Ó ku sùtánà."

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan jókòó sílẹ̀. Alága náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò parí rẹ̀. Ó ń wo gọ́tà.

Ó ní òun ò tíì fẹ́ lọ. Òjò ò dá. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, omi tó ń sáré yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í rọra. Ó ń lọ bó ṣe lọ lójú fọgánáísà, ọgbọ̀n, ogójì, tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ń kà á. Lẹ́yìn náà ó dúró. Ọ̀rá píọ́wọ́tà kan wà lórí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pẹ. Gbogbo wa ń wò ó. Ó yí díẹ̀, ó dúró, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa.

"Ó ń padà," ni Alága wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Omi gun àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ó gun èkejì, ó wọ yàrá Ìyá. Ó dé búlọ́ọ̀kù kejì kó tó dúró. Bẹ́ẹ̀dì ò tutù.

Alága sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n máa lọ sílé, kí wọ́n má ri ríìngì kankan. Kó tó lọ, ó tọ ọmọ mi lọ. "Ẹnjiníà, ríìngì ńlá ńkọ́, ṣé á tó?" Ọmọ mi ní òun ò tíì mọ̀, òun máa ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí gbogbo wa rí. Alága ní, "Ṣírò rẹ̀. Kó o sì bá mi bi bàbá ẹ ìgbà tó rí i."

Ó ti ṣírò rẹ̀ báyìí. Ńlá kan ò tó, méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ló lè gbà á, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹnu àbàtà náà. Àwọn onílé gbà. Àwọn tó máa gbẹ́ àbàtà ní ó di ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ díẹ̀, àsìkò òjò ò sì tíì parí. Ríìngì kékeré ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà níbi tí wọ́n tò wọ́n sí. Ojoojúmọ́ ni mò ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Bẹ́ẹ̀dì Ìyá Àdúrà ti di búlọ́ọ̀kù mẹ́rin mẹ́rin. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n fi ọ̀kan kún un. Tí ojú ọ̀run bá ti ṣú, ibi yòówù kí n wà, màá pè wọ́n lórí fóònù.

"Ìyá, báwo ni omi?"

Láàárọ̀ òní, mo gbọ́ ariwo òjò lẹ́yìn ohùn wọn.

"Ó ń lọ báyìí," ni wọ́n wí. "Tún pè mí tó bá ṣe díẹ̀."